Ibi Tí Kò Ní Àwọ̀

Ní Cwm Hesgog, ní ilẹ̀ Wales, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè,
wọ́n kó ẹgbàajì aláìsàn fún mi,
wọ́n ní kí n sọ wọ́n di àwọ̀.
Wọn ò fún mi ní orúkọ. Adúgbò, ọjọ́ orí, ohun tó ń ṣe wọ́n, ó parí.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láti Ọjọ́ Ajé,
mo gé àfonífojì náà sí ogójì ègé bí ẹni gé búrẹ́dì.

Níbi tí ikọ́ ti pọ̀, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀;
níbi tó mọ níwọ̀n, àwọ̀ ọsàn;
níbi tí ara ti le, funfun.
Fi ìka kan adúgbò kan, á ṣí bí fèrèsé,
á ní: ẹni mọ́kàndínlógún, mẹ́jọ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.
Fa ọ̀pá kékeré ìsàlẹ̀ yẹn sọ́wọ́ òsì, oṣù á máa padà sẹ́yìn,
pupa á máa fà kúrò lára òkè bí omi tó ń gbẹ.
Mo fi ṣeré títí tíì mi fi tutù.

Ọ̀gbẹ́ni Prosser, ọ̀gá wa, dúró lẹ́yìn mi,
ó nawọ́ sí Heol Uchaf lókè téńté,
níbi tí àwọn ilé ti fara mọ́ra bí ọmọ orí àgbàdo:
“Ẹ wo bó ṣe funfun! Atẹ́gùn òkè mà dáa o.
Ẹ jẹ́ ká kó nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wá sísàlẹ̀.”

Tegwen ń fọ ife lọ́wọ́. Kò wẹ̀yìn.
“Ìgbà wo ni bọ́ọ̀sì gun òkè yẹn kẹ́yìn?”

Ìbéèrè yẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kó fún mi.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ;
ta ló wá mọ ohun tó wà lẹ́yìn òdo?

Ó wọ bàtà òjò, ó fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́tàlá. Ó kà á.
Ilé kìíní: Ifor Beddoe, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa èédú,
tó ń sùn ní ìjókòó,
nítorí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á kọ̀ ọ́.
Ilé kejì: Nesta, àyà ọmọ rẹ̀ ń súfèé.
“Takisí àlọ àtàbọ̀, nọ́ọ̀sì, oúnjẹ ọjọ́ méjì ni.”
Ní ilé karùn-ún, kò sẹ́ni tó dáhùn.
Ikọ́ ló dáhùn.

Ìwé tó rin gbingbin ló gbé ka iwájú mi lálẹ́.
Mo ń tẹ̀ wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni mẹ́rin àkọ́kọ́, máàpù ò mira,
torí òfin wa ni pé iye tí kò bá tó márùn-ún, a kì í fi hàn,
kí aládùúgbò má baà ka àṣírí ẹnìkejì lára àwọ̀.
Òfin tó dáa ni. Ó ń bo ìhòòhò èèyàn.
Àmọ́ aṣọ tó bo ìhòòhò
lè bo ẹnu tó ń ké mọ́ ọn.
Ẹni karùn-ún wọlé. Ẹni kẹwàá. Ẹni kẹtàdínlógún.
Heol Uchaf ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan,
ó pọ́n.

Lọ́jọ́ kejì Prosser figbe ta:
“Kí ló kọ lù wọ́n? Ṣebí ara wọn le lánàá!”
“Nǹkan kan ò kọ lù wọ́n,” ni Tegwen wí,
“a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ni.”

Ifor kú ní oṣù Kejì.
Iye dín ẹyọ kan, pupa ṣì díẹ̀.
Máàpù pè é ní ìlọsíwájú.
Mo fa ọ̀pá kékeré náà sẹ́yìn, oṣù kan péré,
ó sì padà sí àyè rẹ̀,
ó ń mí níbẹ̀, ní ìjókòó, nínú àwọ̀.