Ohun Tí Ikán Kò Jẹ

Ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà,
bàbá mi, Katikíìsì Akíndáhùnsi, ní yàrá kan, fèrèsé kan,
àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
àti ìwé ìkọ̀wé mẹ́tàlá tó fi tàdáwà kọ
nínú ọ̀rọ̀ àwọn fadá tí ẹnikẹ́ni ò rántí orúkọ wọn,
àwọn tó fi àbẹ́là gbé òru dé òwúrọ̀ nínú òtútù ilẹ̀ òkèèrè,
tí wọ́n ti kú tipẹ́ kí kòkó tó dé ilẹ̀ wa.

"Ìwé ni ayé," ló máa ń wí.
"Ọlọ́run ló kọ ọ́. Ewé kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
Ewúrẹ́ náà ń rí lẹ́tà,
àmọ́ ṣe ni yóò jẹ ẹ́."

Á mú odindi kòkó kan nínú òkìtì,
á fi àdá là á:
"Èèpo yìí ni ìtàn. Gbogbo ayé ló ń rí i.
Omi dídùn yìí ni ìwà. Ahọ́n ló mọ̀ ọ́n.
Kóró inú rẹ̀ korò. Ẹni tó bá sá a, tó ní sùúrù,
ni yóò mọ ìdí tá a fi gbìn ín."
Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
omi dídùn ni mò ń lá ní tèmi.

Ó ní òkúta wà. Koríko wà, ó sì ń hù.
Ajá wà, ó ń dàgbà, ó sì mọ ìrora.
Èèyàn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tún ń béèrè ìdí.
Áńgẹ́lì kì í béèrè mọ́.
"Bó o bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta lọ́nà Ìdànrè, bẹ̀ ẹ́.
Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ó ti wà kó o tó wà."

Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò lè gbé mì:
aṣọ àyálò ló ń pe ara,
ó ní ìdin ló ni ín, ká má fi ṣe fújà.
Ó ta dígí ìyá mi.
Jọláadé, ìyá mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́:
"Ara tó ò ń bú yìí,
ṣé kì í ṣe òun ló gbé ọkàn rẹ lọ sí Máàsì láàárọ̀?"
Katikíìsì wo ilẹ̀. Kò fèsì.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un.
Ọdún mẹ́rin.
Bàbá mi ń pọn omi, ó ń gbé e kaná,
ó ń wẹ ẹsẹ̀ tí kò lè rìn mọ́, ìka kan tẹ̀lé ìka kan,
bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò fẹ́ kó tán.
Kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn.
Ó ra dígí mìíràn.

Ọjọ́ tá a sin ìyá mi la tó ṣí àpótí.
Ikán ti wọlé. Páálí ẹ̀yìn ìwé ló kù,
pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù níbi tí ọ̀rọ̀ wà.
Mo sunkún. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní,
"Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Rẹ̀ ni wọ́n jẹ.
Wọn ò jẹ Òun.
Ọgbọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà,
ó ní òun ò lè bọ́ bàtà.
Mo bọ́ tèmi."

Bàbá náà ti lọ báyìí.
Ọyẹ́ ti bo àwọn òkè apá Ìdànrè, mi ò rí wọn.
Mo ká páálí ìwé kẹtàlá sí méjì,
mo fi há abẹ́ ẹsẹ̀ àga tó kúrú.
Kò mì mọ́.
Ewúrẹ́ aládùúgbò dé abẹ́ fèrèsé,
ó ń jẹ ewé.
Mi ò lé e.