Ojú Àwọ̀n

Àtíbàbà kan ṣoṣo ló wà ní pápá ìṣeré wa l'Ẹ̀pẹ́,
páànù rẹ̀ ti ṣí níbi mẹ́ta.
Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn alága máa ń jókòó sí.
Òjò ń pa wọ́n bó ṣe ń pa wá; ìyẹn dára.
Àwa yòókù, orí kọnkéré
tó gbóná bí ìdí ìkòkò láago mẹ́ta ọ̀sán.

Òpó iná mẹ́rin dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Kò sí gílóòbù lórí ẹyọ kan nínú wọn.
Lékeléke ló fi wọ́n ṣelé:
bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú,
ìyẹ́ wọn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ tí a ní.

Àwọ̀n ojú góòlù kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá.
Bàbá Àsímíyù ló fún wa, láti etí ọ̀sà,
àwọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹja.
A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, ó ṣì ń rùn bí ọ̀bọ̀kún.
Wákílù tó ń ṣọ́lé fún wa máa ń sọ pé
ebi ló ń pa òun níbi iṣẹ́.

Ọjọ́ tí àwọn ará Ìkòròdú wá,
ìṣẹ́jú mélòó ló kù? Méjì, bóyá mẹ́ta.
Fèrè ti wà lẹ́nu rẹfirí.
Bádírù gbé e wá láti apá òsì,
èmi ni mo gbá a.
Ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tí n kì í lò.
Mo rí i tó wọlé.
Mo rí i tó tún gba ẹ̀yìn jáde,
tó ń yí lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síhà ọ̀sà
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tí wọ́n tutọ́ sílẹ̀ fún.

Rẹfirí wo àwọ̀n. Àwọ̀n ò mì.
Ó ní ẹ̀gbẹ́ ló gbà lọ.
Ẹ̀gbẹ́ wo?
Wọ́n ju ike omi, wọ́n ju bàtà,
ìyá Wákílù ju agboòrùn tí kò tíì san owó rẹ̀ tán.

Àṣálẹ́ ni a lọ pe Bàbá Àsímíyù.
Ó ki ọwọ́ bọ ihò náà, ihò tó tó orí ọmọdé.
À ń retí kó jẹ́rìí.
Ó ní, “Ẹja tó bá gba ojú àwọ̀n jáde,
èmi kì í kà á mọ́ tèmi.
Ṣùgbọ́n n kì í purọ́ pé kò wọlé.”
Ó yọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó.
Kò bèèrè ẹni tó gbá a.

Ó di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí.
Ọ̀mì ni wọ́n kọ sínú ìwé.
Bàbá ti lọ. Bádírù ń ta símẹ́ńtì n'Íjẹ̀bú-Òde.
Wọ́n ti kun kọnkéré,
wọ́n ti kọ orúkọ ẹlòmíì sí ẹnu géètì.
Àwọ̀n yẹn ni wọn ò tíì pààrọ̀.
Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń yà,
mo máa ń wá ibi tí okùn rẹ̀ ti yàtọ̀,
òwú aláwọ̀ ewé láàárín funfun,
màá ki ìka bọ̀ ọ́.

Kò gbà á.