Ṣan Ẹnu Rẹ, Mọ́ráyọ̀

Ní Wínípẹ́ẹ̀gì, agogo méje alẹ́, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́,
òtútù ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú fèrèsé.
Mo gbọn ìgò aláwọ̀ ọsàn náà,
mo kì í bọ ìdí ike gbọọrọ,
mo ní, "Mí síta ná. Ó yá, fà á, díẹ̀díẹ̀.
Má sáré. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ du ú."

Ìyá mi ń wò wá lórí fóònù láti Ìkirè,
ojú rẹ̀ kún gbogbo gíláàsì.
"Ọmọ ọdún méje, o ń kọ́ ọ ní sìgá fífà.
Ṣé kò ní mọ́ ọn lára?
Wọ́n ní ó máa ń pa ọkàn."

Mi ò dá a lóhùn. Èmi náà ti béèrè rí,
lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú Rowẹ́nà,
apòògùn ojú ọ̀nà Sájẹ́ńtì,
ọmọ Fílípíìnì tí ń fi èékánná tọ ọ̀rọ̀ ara páálí.
Mo ní, sitẹ́rọ́ìdì kọ́ nìyí,
èyí tí àwọn oníṣan ń lò?
Ó ní orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.
Ó ní díẹ̀ ni, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń lọ tààrà.
Kò purọ́ fún mi:
ó lè dín gíga ọmọ kù bí ìbú èékánná,
a ó máa wọ̀n ọ́n;
funfun lè hù sí ahọ́n bí kò bá ṣan ẹnu.
"Ṣùgbọ́n èémí tí kò wọlé,
kí lẹ fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?"
Ó ní aláwọ̀ aró, ti ọjọ́ ìjàǹbá ni.
Bí ẹ bá ń ké pè é lójoojúmọ́, ẹ padà wá:
èéfín lẹ ń lé, iná ṣì wà lábẹ́ ẹní.

Gbogbo èyí ni mo fẹ́ kà fún ìyá mi
kó tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.
"Látúnjí àbúrò mi ní irú ìgò yẹn.
Aláwọ̀ aró.
Wọ́n ní bó bá ń lò ó, kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́.
Èmi ni mo gbé e pamọ́ sábẹ́ àpótí aṣọ."
Ó dákẹ́.
"Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Ó ń wá a lóru.
Mo gbọ́ bó ṣe ń tú ilé.
Mo rò pé mò ń gbà á là ni."

Ike ń dún kẹ́, kẹ́, lẹ́nu ọmọ mi.
Èémí kan. Èkejì.
Ìyá mi ń kà á sókè ní Ìkirè,
èmi ń kà á sínú.

Mọ́ráyọ̀ yọ ike lẹ́nu. "Ìyá Àgbà, ó tán."
Nọ́ńbà ẹ̀yìn ìgò ní ó ku mọ́kànlélógún.
Mo kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, kó má di òdo mọ́ wa lọ́wọ́,
torí ìgò tó ti gbẹ ṣì máa ń fọ́n,
afẹ́fẹ́ lásán,
bí ẹni pé oògùn wà níbẹ̀.

Ìyá mi fi ìdí ìró nu ojú.
"Jẹ́ kó ṣan ẹnu," ló wí.
"Kó tu ú dànù.
Dúró tì í, kí o rí i."