Ìṣísẹ̀ Méjìlélógójì

Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ibi àtẹ̀gùn àsálà,
ìṣísẹ̀ méjìlélógójì ni.
Mo ti kà á láàárọ̀, mo ti kà á lóru,
mo kà á lọ́jọ́ tí òtútù Wínípẹ̀gì
di irin mọ́ ojú fèrèsé,
tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé rẹ̀.

Ṣúgà ti wà lára mi kí kòrónà tó dé.
Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbé inú mi
bí ayálégbé tí kì í sanwó, tí kì í kó jáde.
A ti mọwọ́ ara wa: mo ń gbé oògùn mì,
mo sì ń fi tíì oníhóró ṣúgà márùn-ún lé e.

Àfi bí dókítà ṣe pè mí lórí fóònù,
ohùn rẹ̀ jìnnà bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga:
"Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, àrùn tó wà níta yìí,
ògiri tó ti sán ló ń wá."
Kò mọ̀ pé òwe ilé wa ló ń pa fún mi.
Bí ògiri ò bá lanu, níbo laláǹgbá fẹ́ gbà wọlé?

Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri.

Lọ́jọ́ kìíní, mo dé ìdajì kọ́ríídọ̀, orúnkún mi ń ké.
Lọ́jọ́ kejì, n ò jáde rárá, kí n má purọ́.
Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ará Filipíìnì tó ń gbé òdìkejì,
Korasọ́ọ̀nì, ẹlẹ́jẹ̀ ríru,
yọjú pẹ̀lú ìbòmú tó fi àpò ìrọ̀rí rán.
Òun ń lọ, èmi ń bọ̀;
níbi tí a bá ti pàdé, a ó fẹ̀yìn ti ògiri
bí ẹni tí ọba ń kọjá lọ lójú rẹ̀.
Ó fi ewé mọ̀ríńgà dídì kọ́ ilẹ̀kùn mi.
Ewé ọgbà bàbá mi, nínú yìnyín!

Ẹ̀bà ńkọ́? Ẹ má bi mí.
Àwo ọmọ-ọmọ mi ni mo fi ń jẹun,
èyí tó ní àwòrán ehoro nísàlẹ̀.
Tí mo bá ti rí etí ehoro, mo yó nìyẹn.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gun àga, mo gbé àwo ńlá sọ̀,
mo jẹun bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.
Ilẹ̀ mọ́, mo gún ìka, ẹ̀rọ ní mẹ́rìndínlógún.
Mo dá àwo padà sókè. Mo wọ bàtà.

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ilẹ̀kùn Korasọ́ọ̀nì ò ṣí.
Ọmọ rẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ọn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kànlẹ̀kùn.
Mo ń rin tèmi, mo ń rin tirẹ̀,
mo ń kà á sókè kó lè gbọ́,
ní Yorùbá, torí kò sí èdè mìíràn tí ẹsẹ̀ mi gbọ́.

Lónìí, mo dé ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n,
nǹkan kan dí mi lọ́fun,
mo ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ikọ́ dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohùn tín-ín-rín tẹ̀ lé e:
"Ọgbọ̀n. Ẹ fo ọgbọ̀n."

Mo padà sẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́.