Lórí Ìlà Funfun

Ìlà funfun kan ni wọ́n kùn sórí koríko
lẹ́yìn àká àlìkámà àtijọ́ kan, létí ìlú Wínípẹ̀gì,
níbi tí afẹ́fẹ́ oṣù kẹwàá ti ń fẹ́
bí olówó èlé tó wá sin gbèsè.
Mo gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọrun àyálò, ọfà mẹ́fà,
àti ìgbéraga ẹni tí bàbá ìyá rẹ̀ pa ẹtu rí.

Obìnrin arúgbó kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀, fèrè kékeré lọ́rùn rẹ̀.
Ó ní Orísíyà lòun ń jẹ́, ọmọ àwọn ará Yukiréènì.
Etí mi gbọ́ Òrìṣà; orúnkún mi fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀.

Ọmọdékùnrin kan ti kọjá ìlà, ó ń lọ tu ọfà tirẹ̀.
Mo kàn fẹ́ mọ bí ọsán ṣe le tó ni.
Mo gbé ọrun, mo fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ọfà ò sí níbẹ̀ o, mo búra, òfìfo ni.
Orísíyà kò pariwo.
Ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìka méjì rẹ apá mi sílẹ̀
bí ìgbà tí a bá ń tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì.
"Ọmọ yẹn," ó ní, "kò ní ojú lẹ́yìn
tí yóò fi mọ̀ pé ó ṣófo."

Mo wí i sínú ní èdè tèmi:
ọrun lọ́wọ́ mi,
ọrùn ọmọ ọlọ́mọ níwájú,
ọ̀run láàárín wọn.
Àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n.
Àmì ohùn kò sì wúwo.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ fèrè bí ẹni kọ́ ábídí.
Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ bọ́ sórí ìlà. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ta.
Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ lọ kó o wá, ẹ má sáré,
ìdí ọfà tó yọ síta lára àmì kì í mọ ojú ẹni tó ń sáré bọ̀.
Bó bá ń dún láìdábọ̀, ohun yòówù kí o máa ṣe, dáwọ́ dúró.
Bí ọfà rẹ bá já bọ́ síwájú ìlà,
kódà kó ku ìwọ̀n ìka ẹsẹ̀ kan, fi í sílẹ̀. Kì í ṣe wúrà.
Wo ẹ̀yìn rẹ kí o tó tu ọfà; ikùn ẹnìkan lè wà níbẹ̀.
Má sì kọ́ ẹni tí kò ní kí o kọ́ òun.

Èyí tó le jù fún mi ni ti ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹni:
bí tìrẹ bá tilẹ̀ ti tán nínú apó,
tí ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ ṣì fa ọsán, tó di ojú kan,
má ṣí kúrò. Má húkọ́. Má tilẹ̀ tún fìlà ṣe.
Dúró títí tirẹ̀ yóò fi balẹ̀.
Èmi tí mo máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu alásọ̀!

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọfà Orísíyà fò kọjá àmì,
ó wọ inú koríko gíga lọ.
Ènìyàn méje ló gbé ọrun wọn kọ́ láìsọ̀rọ̀:
Gọ́dípù tó ń ṣe eyín, ìyàwó rẹ̀, ọmọ ọjọ́sí yẹn, gbogbo wa,
a ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ bí ẹni wá yẹtí.
Ọfà dọ́là mẹ́rin!
Ọmọ náà ló rí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ìyá àgbà tàsé.

Lálẹ́, Oyèlárán ẹ̀gbọ́n mi pè láti Iléṣà.
Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa náà ni.
Gbólóhùn kejì ni mo ti máa ń já a lu.
Mo gbọ́ bó ṣe ń fa ọsán, mo gbọ́ èémí rẹ̀,
mi ò ṣí lórí ìlà.
Ó sọ, ó sọ, ó dákẹ́.
"Hẹ́lóò? Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"
Mo ní mo wà níbẹ̀.
Mo ní fèrè ni mò ń dúró dè.