Kí Ó Tó Rẹ̀ Mí

Ọyẹ́ Jọ́s ti wọ oríkèé ìka mi kí n tó lajú.
Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin olórí kunkun.
Àtàǹpàkò nìkan ni kò dáhùn.

Nanret ọsibítù kò ṣèlérí pé ìrora yóò lọ.
Ó fi àkísà wé ọrùn ṣíbí mi
títí ó fi nípọn bí ṣùkù àgbàdo.
"Màmá, ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé kẹ́tù.
Ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín."

Kó tó rẹ̀ mí kẹ̀!
Èmi tí mo rán yunifọ́ọ̀mù fún gbogbo Tudun Wada?

Lónìí mo rán apá kan,
mo dìde, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà,
mo padà wá rán èkejì.
Ìrora ṣì wà níbí. Mo ti fún un ní àpótí tirẹ̀.
Kó má ṣáà fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi.