Ìwé Ẹgbẹ́ Ìsìnkú

Èmi ni mò ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà.
Èmi ni mo to ogójì àga lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
tí mo gbé omi tíì kaná.
Ohun tó mú mi wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá láti Kádíìfù
tẹ́ máàpù sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ ẹní.
Rhodri Pask lorúkọ rẹ̀, òjò ṣì wà lára bàtà rẹ̀.
Ó ní iye olùdìbò gbọ́dọ̀ dọ́gba láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù;
ó ní Cwm Helyg ti sanra jù,
Bryn Eithin lókè lọ́hùn-ún sì rù hangogo,
nítorí náà, àjọ ti fa ìlà gba ojú odò:
apá ọ̀tún á bá àwọn ará òkè lọ,
apá òsì á dúró.
Ó fi ìka tọ odò náà wálẹ̀.
Lórí ìwé, odò mọ́, ó rọrùn, kò ní afárá.

Níhìn-ín, afárá mẹ́ta ló wà lórí odò yẹn.
Ọ̀kan nínú wọn, pákó lásán ni,
ẹ̀yìn ilé Prosser ló ti bẹ̀rẹ̀,
àárín ewébẹ̀ ẹlòmíràn ló parí sí,
a ò mọ ẹni tó kàn án.

Eluned Prosser dìde. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Kò sọ̀rọ̀ àṣà, kò sọ̀rọ̀ ìran,
àpò ọjà rẹ̀ ló tú,
ó yọ ìwé kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó:
ìwé ẹgbẹ́ ìsìnkú tí Idwal ọkọ rẹ̀ fi ń gba tọ́rọ́ tọ́rọ́
lọ́wọ́ ilé méjìléláàádọ́fà,
nígbà tí ihò èédú ṣì ń gbé ọkùnrin mì.
Ó gbé e ka máàpù, gẹ́lẹ́ lórí odò.
"Máa ka orúkọ. Èmi á máa sọ ibi tí wọ́n ń gbé."

Ọmọ náà ń kà, ìyá ń dáhùn:
Òdìkejì. Ìhín. Òdìkejì. Ìhín. Ìhín.
Òdìkejì, àmọ́ àwọn mẹ́fà tó gbé pósí rẹ̀,
ìhín ni gbogbo wọn.
"Àbí kí òkú dúró lórí afárá ni,
kó kọ́kọ́ béèrè káńsẹ́lọ̀ tó ni òun?"

A rẹ́rìn-ín. Mo bu tíì.
Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ì bá dùn mọ́ wa nínú.

Ṣùgbọ́n Hefin Tuck wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn,
awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ará Bryn Eithin, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù.
"Ìyá, ilé mélòó ló wà níbẹ̀ láti òkè wa?
Ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ ò fẹ́ bá wa pọ̀.
Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ fi ìtàn wé e,
ṣùgbọ́n a gbọ́. Láti kékeré la ti ń gbọ́."

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, mo ń gbọ́ omi nínú páìpù.
Èmi náà wà lára àwọn tó ń pe òkè yẹn ní Síbíríà.
Mo tẹjú mọ́ ife.

Eluned ṣí ìwé náà lọ sẹ́yìn pátápátá,
ó fi itọ́ kan ìka, ó wá a títí.
"Kí lorúkọ ìyá rẹ?"
"Mair."
"Mair Tuck, ilé kẹsàn-án. Ó wà níbí.
Ó jẹ Idwal ní ṣílè mẹ́ta."

A ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló kàn.
Hefin tọwọ́ bàpò, ó gbé póùn kan lé máàpù.
"Ẹ fún mi ní ṣéńjì."
"Èlé ńkọ́?" ni Eluned wí.

Oṣù Kẹta ni lẹ́tà àjọ dé.
Wọ́n ti sún ìlà: ilé mẹ́ta péré.
Ilé Eluned kò sí lára wọn.

Ó gbàgbé ìwé náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn,
kò tíì béèrè rẹ̀. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi,
lábẹ́ àwọn ife.
Mo ṣí i lánàá. Nínú ojú ìwé tó kẹ́yìn,
ẹnìkan ti fi báírò kọ ọ́:
*Tuck, ilé kẹsàn-án. Ó ti san.*
Kì í ṣe ọwọ́ Idwal.